Agbọ̀n Ẹlẹ́ni

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni aago ẹnu ọ̀nà dún. Mo ṣílẹ̀kùn, ọba ni mo bá níbẹ̀. Ọba ọmọ ọdún mẹ́fà o, adé bébà lórí, òwú ló fi ṣe irùngbọ̀n. Ó gbé agbọ̀n kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé lé mi lọ́wọ́, ó kí mi kú Purim, ọdún àwọn Júù, ó sáré lọ.

Stamford Hill ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin. Láti alẹ́ àná ni àdúgbò ti ń ru, orin lọ́tùn-ún, ariwo lósì, ọmọdé wọ aṣọ ọlọ́pàá, òmíràn di kìnnìún. Ìtàn Ẹ́sítérì inú Bíbélì ni wọ́n fi ń ṣe Purim, èmi náà sì mọ Ẹ́sítérì dáadáa. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, bí pásítọ̀ bá ti dárúkọ Ẹ́sítérì, kí o yáa múra ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé oúnjẹ ló gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà: pé bí Hámánì tó fẹ́ pa àwọn Júù run ṣe kùnà, àwọn Júù ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ síra wọn, ó kéré tán oríṣi méjì fún ẹnì kan, wọ́n á sì tún fún tálákà lẹ́bùn. Lójú tèmi, Iléyá náà nìyẹn. Ta ló ń bi ẹni tó gbé ẹran Iléyá wá pé ṣé èmi lẹ rán an sí?

Mo jókòó tì í. Ìpápánu onígun mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Hámánì pè. Mo gé e jẹ, inú rẹ̀ dúdú kirikiri, mo kígbe, "Èèrà!" Mo wá awò ojú mi, mo rí i pé hóró èso kan ni. Mo jẹ ìkejì kó lè dá mi lójú. Mo jẹ ìkẹta. Wáìnì inú ìgò kékeré náà ni mo fi sìn ín.

Kò pẹ́, aago tún dún. Ọba ti padà dé, òun àti ìyá rẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ọba ń sunkún.

"Ẹ má bínú mà, ìyá àgbà òkè la rán an sí."

Mo ní, "Ó wà níbí, mi ò tíì fọwọ́ kàn án." Mo wá rẹ́rìn-ín músẹ́, pẹ̀lú gbogbo hóró dúdú tó há sí mi léyín.

Obìnrin náà ní kò burú, wọn á wá òmíràn. Ojú gbà mí tì. Mo pe ìyá mi n'Íbàdàn. "Agbọ̀n ẹlẹ́ni lo jẹ! O ò gbọdọ̀ dá a padà lófìfo o."

Ni mo bá gbé mọ́ínmọ́ín mi gbóná, ẹlẹ́mìí méje, edé inú rẹ̀ kò kéré rárá. Mo tò ó sínú agbọ̀n, ó di òkè. Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn, ó fa imú, ó béèrè ohun tó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Mo fọ́nnu: "Edé ni, mà!"

Màmá fà sẹ́yìn. Ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́, wọn kì í jẹ ẹ́. Ó wà nínú Léfítíkù tí èmi náà ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ọ̀sẹ̀. Kódà ká ní kò sí edé, ìkòkò mi kò bófin oúnjẹ wọn mu. Ó wo ojú mi, àánú mi ṣe é. "Ṣé o ò ní ọsàn ni?"

Mo sáré lọ gbé ọsàn mẹ́rin àti ápù méjì, láìbó, láìgé. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín: "Oríṣi méjì. Ó pé."

Kí oòrùn tó wọ̀, ọba tún kan ilẹ̀kùn. Agbọ̀n tuntun, wọ́n kọ nọ́ńbà ilé mi sí i gàdàgbà-gadagba. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tú u. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó sì dáhùn kíá: "Ó mà dára o. Agbọ̀n wọn ńkọ́? Má dá a padà lófìfo o."