Ìkòkò aró ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti yàrá àyẹ̀wò jáde, tí wọ́n sì ti ń ránṣẹ́ pè yín pé kí ẹ wá ṣàlàyé synthetic biology, ìmọ̀ bí a ṣe ń tún inú ohun alààyè tò kó lè ṣe iṣẹ́ tuntun, fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tèmi.

Àwọn méjìlá ló jókòó: aládìrẹ, ayàwòrán, aránṣọ, agbẹ́gilére kan, àti ìyá àgbà kan tó ti ń rẹ aṣọ láró láti kékeré, tí ọmọ rẹ̀ mú wá. Mo tan pírójẹ́kítọ̀, mo gbé lẹ́tà mẹ́rin DNA, àkọsílẹ̀ inú ohun alààyè tó ń sọ bí yóò ṣe rí, sára ògiri, A, T, G, C. Mo ní ìwé ni ẹ̀dá alààyè, pé a ti mọ̀ ọ́n kà tipẹ́, a sì ti wá mọ̀ ọ́n kọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí n ó fi yíjú sí wọn, agbẹ́gilére ti sùn lọ. Ìyá ò sùn ní tirẹ̀, àmọ́ ojú tí à ń fi wo ọmọ tó ń ka àkọ́sórí ló fi ń wò mí. Mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Ó ní, "Ọmọ mi, nǹkan tó ò ń sọ yìí, ṣé ó máa ń rùn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín rárá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìkòkò tí kò bá rùn kò tíì jí. Ohun tí ìyá ń bi mí ni pé ṣé nǹkan náà wà láàyè, èmi sì ti fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ ohun alààyè láìdárúkọ òórùn rẹ̀, ooru rẹ̀ tàbí oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, mi ò gbé pírójẹ́kítọ̀ dání. Ẹ̀yìnkùlé ìyá la ti ṣe é, nídìí ìkòkò. Ewé ẹlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, ti wà nínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyá ti aṣọ funfun bọ̀ ọ́, ó rọra ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má bàa kó wọlé, ó wá fà á yọ. Àwọ̀ ewé tó ń pọ́n lọ ló bá jáde. A dúró. Láti etí aṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ń wọ àárín bọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú bí aró ṣe ń dúdú.

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ̀rọ̀. Mo ní aró fúnra rẹ̀ kì í yọ́ nínú omi. Bakitéríà, ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, tó wà nínú ìkòkò ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń yọ́, tó fi lè wọ inú òwú; bí aṣọ bá ti bọ́ sí gbangba, ọ́síjìn á sọ ọ́ padà di aró, á sì há síbẹ̀. Mo ní àwọn ìyá wa ń tọ́jú bakitéríà tó wá fúnra rẹ̀. Àwa tiwa, a ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí kò bá a wáyé.

Ní 1983, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà mú jíìnì, ìyẹn ègé DNA tó ń darí iṣẹ́ kan, lára bakitéríà tó ń jẹ náfítálíìnì, kánfọ̀ funfun tí à ń kó sínú àpótí aṣọ, wọ́n fi sínú E. coli, bakitéríà mìíràn tó wọ́pọ̀ nínú ìfun èèyàn. E. coli bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aró! Ó ti ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ indole tẹ́lẹ̀. Jíìnì tuntun yẹn ló bá a débi aró. Indole yìí gan-an ló sì ń mú kí abọ́ E. coli máa rùn. Mo yíjú sí ìyá, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó máa ń rùn." Ìyá kàn mi orí rẹ̀ ni.

Agbẹ́gilére ò sùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ìwé lẹ pè é lọ́jọ́sí. Bí ìwé bá ń bímọ, ta ní ń ṣọ́ ọ?" Látọjọ́ náà ni mo ti pa àpèjúwe ìwé tì, àti èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn, pé jíìnì dà bí búlọ́ọ̀kù tí à ń tò. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ tò lánàá, bẹ́ẹ̀ lẹ ó bá a lónìí. Èyí tiwa ń jẹun, ó ń pọ̀ sí i, bí iṣẹ́ tí a gbé lé e bá sì wúwo jù, ó lè ju jíìnì náà nù. Ẹ dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn kúnnákúnná: bí a ṣe ń pa á kí a tó dà á nù, àti òfin 2015 tó dá National Biosafety Management Agency, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èmi ò gbé bakitéríà tí a ti yí jíìnì rẹ̀ padà lọ sẹ́yìnkùlé ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn á bi yín pé ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Ẹ má sá fún un. Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọn ò fi ewé ṣe. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ sódà tí wọ́n fi ń rọ́pò omi eérú, àti ti aró òyìnbó, ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn aláró Abẹ́òkúta àti ààfin Aláké. Ọmọ-ọmọ àwọn tó ja ìjà yẹn lè wà lára àwọn tó jókòó síwájú yín.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí kí ẹ tó pe ayàwòrán wá kun pósítà. Ní 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Cambridge ṣe E. coli tó ní oríṣiríṣi àwọ̀. Alexandra Daisy Ginsberg àti James King, tí iṣẹ́ ọnà ni tiwọn, bá wọn ṣe é, wọ́n sì ro ó débi yógọ́ọ̀tì tí èèyàn á mu, tí ìgbẹ́ rẹ̀ á wá pa àwọ̀ dà bí àìsàn bá wà nínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní iGEM, ìdíje synthetic biology tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri àgbáyé ń ṣe, lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ò bójú mu, kó bi ìyá aláró léèrè.

Nígbà tí mo ń lọ, ìyá di ẹlú mẹ́fà sínú ọ̀rá dúdú fún mi, ó rọ díẹ̀ lára omi ìkòkò sínú ìgò, ó ní kí n lọ wo àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a gbé ẹ̀kán kan sábẹ́ máíkíróskóòpù. Alẹ́ ò tíì lẹ́ tó fi pè mí: "Mélòó ni wọ́n?"

Mo ní wọn ò ṣeé kà, mà. Ó ní kí n má gbàgbé láti da ìgò òun padà.