Kí ẹ tó fi kóòdù ránṣẹ́, ẹ mọ ibi tó ti wá

Bí ẹnì kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ máa ń jókòó ní Yaba bá gbé pull request rẹ̀ (kóòdù tó fẹ́ kí wọ́n gbà sínú iṣẹ́ kan) wá pé kí n bá òun wò ó, kì í ṣe bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í. Mo máa ń bi í pé, "Níbo lo ti rí i?" Wọ́n á fajú ro bí ẹni pé mo pè wọ́n lólè. Ẹ má bínú sí ìbéèrè náà. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, alábòójútó iṣẹ́ open source (sọfitiwia tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ìlò àti àtúnṣe) ló sì ń gba nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Tí ọ̀rọ̀ bá dé, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Ọjọ́ tí ẹ bá ti tẹ kóòdù sínú kọ̀ǹpútà ló ti ní ẹni tó ni ín. Kò dìgbà tí ẹ bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, bí ìtàn àti ewì, ààbò rẹ̀ sì ń lọ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Nítorí náà, kóòdù tó wà ní gbangba lórí GitHub, ojúlé tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò ní fáìlì láísẹ́ńsì (ìwé àṣẹ ìlò) kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àdéhùn GitHub gbà yín láyè láti wò ó àti láti fork rẹ̀ (ṣe ẹ̀dà rẹ̀) níbẹ̀. Kò fún yín láṣẹ láti gbé e sínú iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé irú rẹ̀ síta kàn gbàgbé ni. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo kọ̀wé sí ló fi láísẹ́ńsì sí i láìjanpata.

Ọ̀rọ̀ tó le ni pé láísẹ́ńsì méjì lè bára mu ní apá kan kí wọ́n má bára mu ní apá kejì. Ẹni tó bá ti wakọ̀ l'Ékòó mọ wan-wé: ojú ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ ibi tí o kọjú sí ló máa sọ bóyá LASTMA á dá ọ dúró. Kóòdù tó wà lábẹ́ láísẹ́ńsì MIT tàbí BSD òde òní lè wọ inú iṣẹ́ tó wà lábẹ́ láísẹ́ńsì GPL wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹ bá ti fi orúkọ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Tí kóòdù GPL bá wọ inú iṣẹ́ MIT, àpapọ̀ wọn kò ṣe é pín fún aráyé àfi lábẹ́ GPL, ẹni tó yan MIT kì í sì í fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láísẹ́ńsì Apache 2.0, tó jáde ní 2004, àti GPL ẹ̀dà 2, tó jáde ní 1991, ló máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Open source ni méjèèjì, síbẹ̀ wọn ò ṣe é pò pọ̀. Apache sọ pé ẹni tó bá pe ẹjọ́ patent (ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn hùmọ̀) lórí sọfitiwia náà á pàdánù ẹ̀tọ́ patent tí wọ́n fún un. GPL 2 sì ní kí ẹnikẹ́ni má fi òfin mìíràn kún tòun. Ẹ̀dà 3, tó jáde ní 2007, ló ṣí ọ̀nà: Apache lè wọ inú GPL 3, GPL 3 kò lè wọ inú Apache. Tí ẹ bá rí "GPL" lásán, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ wo nọ́ńbà, kí ẹ sì wo bóyá wọ́n kọ "or later" (tàbí ẹ̀dà tó tẹ̀lé e) sí i. Ti kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò Linux, ẹ̀dà 2 nìkan ni.

Ọmọbìnrin kan láàárín wa, tó ń kàwé ní Akoka, fẹ́ ṣàtúnṣe bí iṣẹ́ Apache kan ṣe ń ka ọjọ́ àti àkókò. Ó rí fọ́ńṣọ̀n kan tó mọ́ yéké nínú iṣẹ́ GPL 2. Kó tó fi hàn mí, ó ti yí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ padà, ó rò pé ó ti di tirẹ̀. Yíyí orúkọ padà kò yí ẹni tó ni ín padà. Àmọ́ ẹni tó ni kóòdù lè fún ẹlòmíràn lábẹ́ láísẹ́ńsì mìíràn, òun ló kúkú ni ín. A bá ṣe git blame, àṣẹ tó ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn: ẹni mẹ́ta ló kọ ọ́. Ó kọ̀wé sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì gbà. Ẹnì kẹta ò fèsì rárá, ìdákẹ́jẹ́ kì í sì í ṣe àṣẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò rí kóòdù GPL yẹn rí ló wá jókòó ti ISO 8601, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ọjọ́ àti àkókò, tó kọ ọ́ látilẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló kọ àwọn ìdánwò rẹ̀. Tiwọn kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí n má parọ́.

Iṣẹ́ ńláńlá náà ń jẹ irú ìyà yìí. Nígbà tí OpenSSL, sọfitiwia ààbò fún íńtánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ kúrò lábẹ́ láísẹ́ńsì àtijọ́ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ Apache 2.0, wọ́n ní láti wá ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti dá sí i láti ọdún pípẹ́ kàn kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà 3.0, tó jáde ní 2021, ló kọ́kọ́ jáde lábẹ́ Apache. Ìdáhùn orí Stack Overflow, ojúlé ìbéèrè àti ìdáhùn àwọn tó ń kọ kóòdù, náà ní láísẹ́ńsì o, CC BY-SA ni. Ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì lè wọ inú iṣẹ́ MIT bẹ́ẹ̀ lásán.

Ó wá ku ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Èyí ló ń pa àwọn ọmọ Marina àti Victoria Island lára jù, nítorí wọn kì í ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọjá ibi tí wọ́n kọ owó oṣù sí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé náà sọ pé gbogbo kóòdù tí mo bá kọ níwọ̀n ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, tiwọn ni. Kò sọ pé lójú iṣẹ́ nìkan. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: ohun tí mo bá kọ lálẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi, tí kò kan òwò wọn, tèmi ni. Wọ́n rojọ́ díẹ̀, wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó ti fọwọ́ sí tirẹ̀ ṣì lè bẹ̀bẹ̀ fún ìyọ̀ǹda, kó rí i pé orí ìwé ló wà, tàbí lórí ímeèlì ó kéré tán. "Ọ̀gá ní kò burú" lẹ́nu lásán kò tó.

Ìyọ̀ǹda yìí ṣe pàtàkì torí ìlà Signed-off-by tí àṣẹ git commit -s máa ń kọ mọ́ kóòdù tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́. Ní 2004 ni àwọn ará Linux gbé ìlànà yìí kalẹ̀, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ SCO ti gbé IBM lọ sílé ẹjọ́ lórí kóòdù. Ẹni tó bá kọ ìlà náà ń fi orúkọ ara rẹ̀ sọ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kóòdù yìí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀gá yín ló ni ín, ẹ ti fi orúkọ yín sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́.

CLA, àdéhùn tí àwọn iṣẹ́ kan máa ń ní kí ẹ fọwọ́ sí kí wọ́n tó gba kóòdù yín, tún yàtọ̀. Ti Google àti ti Apache Software Foundation fi ẹ̀tọ́ àdàkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín; àṣẹ ìlò ni ẹ ń fún wọn. Àwọn mìíràn ní kí ẹ gbé ẹ̀tọ́ náà fún àwọn pátápátá. Mi ò ní bú ẹni tó bá fọwọ́ sí irú rẹ̀. Èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè sọ iṣẹ́ náà di ọjà títà lábẹ́ láísẹ́ńsì mìíràn lọ́la, mo sì máa ń dúró kí wọ́n dáhùn kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.