Àbùlà tí kì í ṣe ti àmàlà

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe bọ́ọ̀dé ogójì ọdún ní Ògo-Olúwa ní Òṣogbo, nígbà tí mo ń lọ ilé ló bá ki ìgò wáìnì pupa kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ti Gúúsù Áfíríkà, Stellenbosch, ìlú wáìnì kan níbẹ̀, ni wọ́n kọ sí i lára. Èmi kì í dá mu irú ẹ̀, mo bá gbé e lọ bá Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn, ògbólógbòó ọ̀mu ni wọ́n, ẹmu ni wọ́n ń mu o, wọn kì í mu bíà.

Bàbá wọ jígí, wọ́n yí ìgò náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní oríṣi àjàrà mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀, Cabernet Sauvignon, Merlot àti Cabernet Franc. Bàbá gbé ìgò sílẹ̀. "Ẹmu àbùlà ni wọ́n tà fún ọ̀rẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn o, torí ẹlẹ́mu tó bá bomi là á, tóo bá ti mọ̀ ọ́n, o ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ó sì kù díẹ̀ kí n gbà fún wọn, àfi bí mo ṣe wo iwájú wọn, àmàlà rèé, gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata, kí là ń pe ìyẹn náà? Mo ní "Bàbá, ẹni tó se èyí ńkọ́, ṣé ó rẹ́ ẹ yín jẹ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní lọ́yà ló yẹ kí n ṣe.

Mo wá ṣàlàyé. Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ni àpòpọ̀ yìí ti gbajúmọ̀. Ibẹ̀ sún mọ́ òkun, òjò wọn ò ṣeé fọkàn tán, Merlot máa ń tètè pọ́n, Cabernet Sauvignon máa ń pẹ́, tí òjò bá wá ba ọ̀kan jẹ́ nígbà ìkórè, èkejì lè ṣì yọ. (Ẹni tó gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀gẹ́ lóko kan náà ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.) Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń pọn wọ́n, wọ́n á wá máa tọ́ ọ wò kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n máa bù nínú èyí àti èyí. Cabernet Sauvignon, èèpo ẹ̀ nípọn, ó máa ń fún ẹnu pọ̀ bí obì, Merlot ló ń rọ̀ ọ́ lójú, Cabernet Franc ló ń mú òórùn wá, àwọn míì á tún fi àjàrà Petit Verdot díẹ̀ sí i kí àwọ̀ ẹ̀ lè dúdú dáadáa. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Cabernet Franc ló bí Cabernet Sauvignon, òun àti Sauvignon Blanc, àjàrà funfun! 1997 ni àwọn onímọ̀ ní University of California, Davis, fi DNA gbé e jáde. Bàbá ní "Á, òbí àtọmọ ni wọ́n, kò burú."

Ṣíṣí ẹ̀ wá di wàhálà. Kò sí irin tí wọ́n fi ń yọ kọ́ọ̀kì, ni mo bá fi ìdí ọmọorogùn tì í wọlé, fọ̀ọ̀! ó ta sí mi ní búbá funfun. Ní Òṣogbo ìlú aró, wáìnì ló wá bá mi re aṣọ.

Ife àkọ́kọ́ ò dùn, mi ò ní purọ́. Ó gbóná, ó ń ta ni lọ́fun, ata inú ọbẹ̀ tún wá dá kún un. Wọ́n máa ń ní wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì, àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ooru Òṣogbo lóṣù kẹta, ìwọ̀n 16 sí 18 lórí Celsius ni wọ́n ń wí, ta ló ní irú yàrá yẹn? Iná ò sí, mo bá ra píọ̀ wọ́tà tútù mẹ́wàá, mo kó wọn yí ìgò ká nínú báàfù fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó yàtọ̀! Bàbá mu ún mọ́ ẹran ewúrẹ́ ọlọ́ràá, ó ti rọ̀, kò fún ẹnu mọ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún na ife.

Ìdajì kù, wọ́n ní òun á máa fà á díẹ̀díẹ̀. Kọ́ọ̀kì ti wà nínú, ọ̀rá ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ ní Wẹ́sìdeè, mo gbóòórùn ẹ̀, mo ní "Bàbá, ó ti kan o."

Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro. "Ẹmu ni, kí lo fẹ́ kó ṣe?"