Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ìwé Bá Ń Wù Yín Kà

Ẹni tó ń dúró dìgbà tí ìwé yóò wù ú kà, ìdánwò ló máa bá a lẹ́nu ìdúró. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìwé kíkà gan-an kọ́ ló nira, ìjókòó tì í ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ló korò bí ewúro. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọwọ́ lọ.

Alẹ́ àná ni ìwé tòní ti ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ ṣí ìwé sílẹ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ẹ gbé nóòtù tì í, ẹ fi bírò lé e lórí. Ẹ dán bírò náà wò o, nítorí wíwá bírò kiri nìkan tó láti sọ ìdájí nù. Ẹ wá kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ sórí bébà kékeré kan. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: wọn á kọ "ka Kẹ́mísìrì". Ibo ni èèyàn fẹ́ gbà wọ inú Kẹ́mísìrì? Ọkàn ò rọ́nà, ló bá gba orí WhatsApp lọ. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni kẹ́ ẹ kọ: "Móòlù mélòó ló wà nínú gíráàmù 8 NaOH?" Sódíọ̀mù, ọ́síjìn àti háídírójìn ló para pọ̀ di NaOH; ìwọ̀n átọ́ọ̀mù wọn ni 23, 16 àti 1, àpapọ̀ rẹ̀ 40, ìyẹn gíráàmù tó wà nínú móòlù kan. Ẹ fi 40 pín 8, ó di 0.2. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ sì ti wọlé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí n má parí ìṣirò tó kẹ́yìn lálẹ́. Ẹ ṣe é dé 23 + 16 + 1 = 40, ẹ kọ "fi 40 pín 8" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sùn. Ẹni tó jí bá ìṣirò tó ku ìlà kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ á yá. Àmọ́ ẹni tó parí orí kan pátápátá lálẹ́, orí tuntun tí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló máa bá pàdé láàárọ̀.

Ní ti àkókò, Francesco Cirillo, ará Ítálì, ló mú ọ̀nà ìṣẹ́jú 25 iṣẹ́ àti ìṣẹ́jú 5 ìsinmi jáde. Ó dára, ṣùgbọ́n 25 ti pọ̀ jù fún ẹni tí ò tíì fọwọ́ kan ìwé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ fi 10 bẹ̀rẹ̀. Tí aago bá dún tó sì rẹ̀ yín, ẹ dìde lóòótọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣèlérí 10 tẹ́ ẹ fipá sọ ọ́ di 40, ọkàn yín ò ní gbà yín gbọ́ lọ́la. Ẹ má fi fóònù ka àkókò náà. Aago ọwọ́ tó. Kẹ́ ẹ dojú fóònù dé orí tábìlì ò tó, yàrá mìíràn ni kó wà. Ibẹ̀ náà ni kó ti gba chárjì bí NẸ́PÀ bá múná dé.

Ní Agbowó tàbí Apẹ̀tẹ̀ n'Ìbàdàn, tíná bá ti lọ lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ọ̀tún á máa dá tòsì lóhùn. Ìgbà tó pa rọ́rọ́ jù ni lẹ́yìn ìrun àsùbá, kí fèrè ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gba chárjì sí àtùpà yín sílẹ̀. Ọ̀sán ńkọ́? Ẹni tó jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tán tó lóun fẹ́ kàwé, oorun ló ń pè.

Ẹ fi ìbéèrè ṣáájú kíkà. JAMB ń bi èèyàn ní ìbéèrè 180 láàárín ìṣẹ́jú 120, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè márùn-ún ò wá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ẹ ṣe márùn-ún láìṣíwèé, ẹ máàkì í, kẹ́ ẹ ka kìkì ibi tẹ́ ẹ ti gbà á tì. Ìwádìí tí Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, tẹ̀ jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ló borí. Ìdí nìyẹn tí àtúnkà fi ń tan èèyàn: ó ń jọ pé a ti mọ̀ ọ́n.

Tó bá jẹ́ ojú ewé kan náà lẹ ti ń sá fún látọjọ́ yìí, ó lè má jẹ́ ọ̀lẹ rárá. Ẹni tí pípín nínú ìṣirò ò yé dáadáa ò lè gbádùn móòlù. Ẹ padà sí nóòtù SS1, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé oúnjẹ, oorun, eré, kò séyìí tó ń wù yín mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Ìyẹn ti ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ.

Ọjọ́ kan sì lè fò yín. Ẹ má sọ tọjọ́ kejì di ìlọ́po méjì láti fi dí i, ìṣẹ́jú 10 yẹn náà ni kẹ́ ẹ ṣe.