"Màá dá a padà tówó oṣù bá wọlé"

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ káàdì ọ́fíìsì ti wà lọ́kàn mi, ìyẹn káàdì bánkì tí ilé-iṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ láti fi náwó iṣẹ́, táwọn kan ń fi ra nǹkan ara wọn. Ìdí àkáǹtì ni mo wà, èmi ni mo máa ń jókòó ti sítétímẹ́ǹtì lóṣooṣù tí màá máa fi rìsíìtì wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò lè mọ nǹkan tójú mi ń rí. Kí n tó bi ẹni tó náwó léèrè rárá, mo ti mọ ọjọ́ tó ná an, ibi tó ti ná an àti irú ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, torí nọ́ńbà 4 kan wà tí bánkì fi ń mọ òtẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí ilé ọtí. Ẹni tó wá kọ "oúnjẹ kọ́sítọ́mà" sórí owó bàtà, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Bọ̀dá kan lọ́dọ̀ wa, èèyàn dáadáa ni o, ó fi káàdì ọ́fíìsì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tara ẹ̀, ó ní òun á dá a padà tówó oṣù bá wọlé. Owó oṣù wọlé, ó ná ìyẹn náà. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, bóyá ìwé ìkìlọ̀ ni wọn ì bá fún un, àmọ́ ńṣe ló lọ ṣe ayédèrú ìwé pé iṣẹ́ lòun bá lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Lọ́yà tí ọ̀gá wa pè sọ pé ẹni tó ṣèèṣì mú káàdì ọ́fíìsì dípò tiẹ̀, tó sì jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ò le, pé ohun tó wà lọ́kàn èèyàn ni kóòtù ń wá, ìwé tó o bá sì fọwọ́ ara ẹ yí ló máa sọ ọ́ fún wọn. Jìbìtì tàbí kíkówójẹ ló máa já sí, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì tún lè pè ẹ́ lẹ́jọ́ owó wọn lọ́tọ̀.

Ká tiẹ̀ ní o dá a padà ńkọ́? Ní 1995, Mona Sahlin, igbákejì olórí ìjọba Sweden, fi káàdì ìjọba ra nǹkan ara ẹ̀, Toblerone wà níbẹ̀ (ṣokoléètì lásánlàsàn!), ó san án padà, wọn ò gbé e dé kóòtù, síbẹ̀ ipò olórí ìjọba tó ti ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ bọ́. Rodrigo Rato ti Spain ní tiẹ̀, ọ̀gá bánkì ni, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní apá kan owó oṣù àwọn ni ohun táwọn ń fi káàdì bánkì ná, kóòtù ò gbà, wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún 4 àtààbọ̀ ní 2017, ó wọ ẹ̀wọ̀n ní 2018. Nítorí náà, tí ọ̀gá ẹ bá ní "máa ná an lọ, kò séwu", ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í bá èèyàn dé kóòtù.

Bọ̀dá wa san owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn pé pérépéré, wọ́n gba owó, wọ́n sì fún un níwèé lọ-sílé lọ́jọ́ kan náà. Èmi ni mo kọ rìsíìtì owó ọ̀hún fún un. Ojúlówó nìyẹn o.