Wọ́n Bi Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ Bóyá Ó Ṣìnà Lórí Òkè

Ẹ gbà mí o. Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin kan tó gun ẹṣin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó wo èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ látòkè délẹ̀, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá a ti ṣìnà. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni o! Bẹ́ẹ̀ òyìnbó rẹpẹtẹ ló ti kọjá lójú rẹ̀, kò bi ìkankan nínú wọn. Èmi tí wọ́n bí sábẹ́ àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ l'Ékìtì, tí mo ti ń fẹsẹ̀ lásán gun àpáta kí n tó mọ a-b-d, èmi ni wọ́n ń bi bóyá mo mọ ibi tí mò ń lọ lórí òkè. Mo ní rárá, mo dúpẹ́. Ohun tó wà nínú mi yàtọ̀ síyẹn.

Hope Cross lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Peak District, agbègbè olókè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jìnnà sí Manchester tí à ń gbé. Òpó òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ 1737 sí, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ ìlú sójú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Sheffield, Edale, Glossop àti Hope. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló kọ́kọ́ la ọ̀nà ọ̀hún. Igbó wà lápá kan rẹ̀, pápá àgùntàn wà lápá kejì. Ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́ṣin ló jọ ń gbà á. Tí ọfà tí wọ́n kàn mọ́ òpó bá jẹ́ búlúù, ọ̀nà gbogbo wa nìyẹn. Tó bá jẹ́ yẹ́lò, ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín. Látọdún 1968 ni òfin ti gba oníkẹ̀kẹ́ láyè lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Wọ́n sì ń yà lóòótọ́! Ẹ̀yin tí ọlọ́kadà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá etí yín lọ rí ní Ìjìgbò l'Adó, ẹ ò ní bi mí ìdí tó fi yà mí lẹ́nu.

Géètì irin ibẹ̀ ló wù mí jù. Ọwọ́ rẹ̀ gùn sókè débi pé ẹlẹ́ṣin lè ṣí i láìsọ̀kalẹ̀. Tó o bá ti kọjá, wàá padà tì í kí àgùntàn má baà jáde. Kò sí darandaran kankan nítòsí. Wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn wọ́n lẹ́yìn kí olówó wọn lè dá wọn mọ̀, wọ́n ń jẹko lọ jẹ́jẹ́. Àbíkẹ́yìn mi béèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn, lédè òyìnbó, kí lẹ rò? Ìyá rẹ̀ ní, "Ọlọ́run ni."

A gbé iyán lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo wé e sínú ọ̀rá, ó wà nínú fúláàsì, ẹ̀fọ́ rírò wà nínú èkejì. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, atẹ́gùn gbé òórùn irú lọ bá àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì tútù, ọkùnrin kan yíjú padà. Ìbá ṣe pé obìnrin ẹlẹ́ṣin yẹn ṣì wà níbẹ̀, ì bá rí i pé ọwọ́ wa ò ṣìnà ọbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fi fídíò pe ìyá mi kí wọ́n lè rí òkè. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kò lè jáde.

Oko ìyá mi wà lẹ́yìn òkè n'Ìkẹ́rẹ́, wọn ò débẹ̀ mọ́. Màlúù ló kọ́kọ́ jẹ ẹ̀gẹ́ wọn tán. Òfin tí ìjọba Èkìtì ṣe lọ́dún 2016 ní màlúù ò gbọdọ̀ jẹko lóru. Òru náà ni wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ ṣeé tún gbìn. January 2024 ló lé ìyá mi kúrò lóko, nígbà tí àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímọ̀jọ àti Ẹlẹ́sùn, lójú ọ̀nà, tí wọ́n tún jí ọmọ iléèwé àtàwọn olùkọ́ gbé ní Èmùré lọ́jọ́ kan náà. Ẹ mọ bí Èmùré ṣe súnmọ́ wa tó. Bí wọ́n bá lè pa ọba, ta ni ìyá àgbà tó gbé agbọ̀n rù?

Ẹ má sì rò pé àánú ló ṣí òkè ibí sílẹ̀. Nítòsí Hope Cross ni òkè Kinder Scout wà. Àwọn onílẹ̀ ti sé e mọ́ tìtorí ẹyẹ tí wọ́n ń yìn níbọn. Ní April 1932 àwọn òṣìṣẹ́ ya wọ̀ ọ́, wọ́n sì ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ìjà ni wọ́n fi gbà á.

Obìnrin yẹn ò mọ̀ pé nílé kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ṣìnà. Wọ́n á kàn ní kí n má lọ.

Ìyá mi ti ní àwọn ń bọ̀. Kì í ṣe tìtorí ọmọ-ọmọ o. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rin òkè tí àwọn ò ti ní máa bojú wẹ̀yìn. Owó físà ni mò ń tù jọ báyìí.