Wáìnì kì í ṣe oògùn ọkàn

Ẹni tó bá ń mu wáìnì torí pé ó dùn mọ́ ọn, èmi ò bá a jà. Ẹni tó sọ ọ́ di oògùn ọkàn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí ohun tí wọ́n fi fà mí dé ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Láti 1991 ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà gbé e jáde pé àwọn ará Faransé ń jẹ ọ̀rá dáadáa, síbẹ̀ àrùn ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu, bóyá wáìnì pupa ló ń gbà wọ́n. Wọ́n ní èròjà resveratrol tó wà lára èèpo àjàrà ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ìwọ̀nba tó wà nínú ife kan kò tó nǹkan rárá. Ohun mìíràn ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí àtijọ́, àwọn tí àìsàn lé kúrò nídìí ọtí wà lára àwọn tí wọ́n kà sí aláìmutí. Bí wọ́n bá fi ẹni tó ń mu díẹ̀ wé irú wọn, dandan ni kí ara tirẹ̀ dà bíi pé ó le jù.

Ẹ wo ìwọ̀n pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń pè ní ife kan jẹ́ nǹkan bí mìlílítà 150. Mo da tèmi sínú ife onílà tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó kọjá 250. Ẹ dán an wò nílé, ife ẹlẹ́nu gbàǹgbà ń tan ojú jẹ.

Oorun ló wá là mí lójú. Wáìnì máa ń tètè gbé èèyàn sùn, àmọ́ bó bá ti ń dá lára láàárín òru, ojú á là, ọ̀fun á gbẹ, àyà á máa lù kì-kì. Nígbà tí mo dá mímu alaalẹ́ dúró, mo ń sùn mọ́jú.

Ní January 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu. Láti 1988 ni àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ wọn ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ti ọmú ló ká mi lára jù, torí ìwọ̀n kékeré náà ń dá kún ewu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń júwe wáìnì fún àwa obìnrin bí ọtí jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mu ún rí, ẹ má tìtorí ọkàn bẹ̀rẹ̀. Aláboyún, ẹ má fẹnu kàn án. Bí ẹ bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí oògùn oorun, ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an fún dókítà yín, ẹ má bù ú kù.